Aṣọ ọmọdé, àkísà àgbà: bí Independence Day kejì ṣe já mi kulẹ̀

Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì báyìí o, ẹ̀ẹ̀kan ní sinimá nígbà tó jáde ní 2016, ẹ̀ẹ̀kejì lọ́sẹ̀ tó kọjá ní pálọ̀ mi l'Ágbowó, ó sì ṣì ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Independence Day: Resurgence ni mò ń sọ, èyí tí wọ́n ṣe tẹ̀lé Independence Day ti 1996, fíìmù Amẹ́ríkà táwọn élíẹ̀nì, ìyẹn ẹ̀dá láti ojú ọ̀run, ti wá gbógun ti ayé. Màá sọ bó ṣe parí, torí náà ẹni tí ò bá tíì wò ó tó sì fẹ́ wò ó fúnra ẹ̀, kó yáa dúró níbí, kó lọ wo ti àkọ́kọ́, kó tó padà wá bá mi.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí kásẹ́ẹ̀tì, torí tí mi ò bá sọ ti kásẹ́ẹ̀tì, ẹ ò ní mọ ohun tó ń dùn mí. Òke-Àdó là ń gbé nígbà yẹn, mo ṣì wà ní pírámárì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló yá a wálé níbi tí wọ́n ti ń yá fídíò, kásẹ́ẹ̀tì dúdú tí wọ́n fi báírò kọ orúkọ fíìmù sára bébà funfun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀dà tí wọ́n dà látara ẹ̀dà míì ni, tó bá ti ń lọ wàá rí ìlà funfun tó ń gbọ̀n nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi á wá ṣí ẹnu fídíò yẹn, á fi òwú tó ti kì bọ sípírítì nu inú ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Gbogbo ilé ló wá wò ó. Ìyá tó ń dín àkàrà níwájú ilé wa gbé àpótí ìjókòó ẹ̀ wọlé, ọmọ ẹ̀ obìnrin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Fíìmù ọ̀hún ò kánjú rárá. Inú òṣùpá ló ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ipasẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ débẹ̀ ní 1969 ṣì wà nínú iyẹ̀pẹ̀, òjìji kan wá ń bọ̀, ó ń bo iyẹ̀pẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ipasẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ ò tíì rí ohun tó ni òjìji o. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọsánmà tó dà bí iná sọ̀kalẹ̀ sórí New York, sórí Washington, sórí Los Angeles, ọkọ̀ ràbàtà kan yọ jáde nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá dúró. Wọ́n kàn dúró ni. Wọn ò yìnbọn, wọn ò sọ̀rọ̀. Ààrẹ ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́, àwọn kan gun orí ilé gíga ní Los Angeles, wọ́n gbé pátákó dání, wọ́n ń jó, wọ́n ń kí wọn káàbọ̀. Èyí tí Jeff Goldblum ṣe, David, òun ló rí i nínú kọ̀ǹpútà ẹ̀ pé sígínà kan ń ka àkókò sẹ́yìn, pé tó bá fi lè kà á dé òdo, ó parí nìyẹn. Òun àti bàbá ẹ̀ wá wọ mọ́tò àtijọ́ kan, wọ́n forí lé Washington nígbà tí gbogbo èèyàn ń sá kúrò níbẹ̀.

Ibi tí ìdí ọkọ̀ yẹn ti là, tí ìmọ́lẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í tàn nínú ẹ̀, tí obìnrin orí òrùlé yẹn gbójú sókè tó ń rẹ́rìn-ín sí i, ibẹ̀ gan-an ni NEPA mú iná lọ.

Ọjọ́ méjì ni iná ò fi dé. Kásẹ́ẹ̀tì há sínú fídíò, kò ṣe é yọ, owó tí ẹ̀gbọ́n mi máa san fún ẹni tó yá a ń pọ̀ sí i, òun ń bínú, àmọ́ àwa ọmọdé ilé yẹn ò ṣe nǹkan míì ju ká máa wo òkè lọ. Láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé wa, Cocoa House hàn kedere lápá Dùgbẹ̀, ilé alájà 26 tí wọ́n parí ní 1965, a sì ti fẹnu kò pé tí wọ́n bá máa wá s'Íbàdàn, orí ẹ̀ ni wọ́n máa dúró sí, torí ibi tí ilé gíga wà náà ni wọ́n dúró sí ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ìyá alákàrà bi mí bóyá a máa ráyè sá dé Ṣágámù. Mo ní mi ò mọ̀. Ìkùukùu kan wá kọjá lójú oòrùn, gbogbo òrùlé páànù tó ti dípẹtà níwájú wa ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà, àwa méjèèjì di ọwọ́ ara wa mú, a ò lè sọ̀rọ̀.

Nígbà tí iná dé lálẹ́ ọjọ́ kejì, tí kásẹ́ẹ̀tì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí, tí wọ́n wá fọ́ White House túútúú lójú wa, kò sí ẹni tó mí nínú pálọ̀ yẹn. Ìyá alákàrà kàn gbọ́wọ́ lérí ni.

Ṣé ẹ rí nǹkan tí mò ń sọ? Ìdúró yẹn ló ń dẹ́rù bani. NEPA fi ọjọ́ méjì kún un fún wa, àmọ́ ká tiẹ̀ ní iná ò lọ, Roland Emmerich tó darí fíìmù náà ti mọ̀ pé ẹni tó bá máa na ọmọ tó bá kọ́kọ́ ní kó lọ já ẹgba wá fúnra ẹ̀, ọmọ yẹn á ti sunkún kí ẹgba tó bà á. Ó jẹ́ ká dúró, ó jẹ́ ká mọ àwọn tó máa kú lórúkọ, ká mọ ìyàwó wọn, ká mọ ajá wọn, kó tó wá dáná sí i.

Wàyí o, lẹ́yìn ogún ọdún, apá kejì dé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà la jọ lọ, a múra bí ẹni ń lọ ìnáwó, a ra tíkẹ́ẹ̀tì, a ra gúgúrú, a jókòó. Emmerich kan náà ló darí ẹ̀. Goldblum wà ńbẹ̀, Bill Pullman tó ṣe Ààrẹ Whitmore wà ńbẹ̀, Judd Hirsch tó ṣe bàbá David wà ńbẹ̀, Brent Spiner náà padà wá. Mílíọ̀nù 75 dọ́là ni wọ́n fi ṣe ti àkọ́kọ́, ìkejì gba mílíọ̀nù 165. Yorùbá ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ó sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ owó tó pa ọbẹ̀ yìí pọ̀ jù ú lọ, iyọ̀ ni wọn ò rántí fi sí i.

Nígbà tá a jáde, a yà jẹ àmàlà ní Bódìjà. Ẹ̀gbọ́n mi bu òkèlè, ó yí i nínú gbẹ̀gìrì àti ewédú, ó gbé e mì, ó dákẹ́, ó wá ní, “Ìwọ, ta ló kú nínú fíìmù yẹn?” Mo ní Whitmore kú, mo ní ìlú tó parẹ́ ò lóǹkà. Ó ní, “Rárá, mo mọ ìyẹn. Ta ló kú tó dùn ẹ́?”

Mi ò rí ẹnì kankan dárúkọ. A jẹun tán, mi ò rí. Ọdún náà ti lọ jìnnà báyìí, mo tún wò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá tìtorí ìbéèrè yẹn, mi ò tíì rí.

Ẹ jẹ́ n mú ọ̀kan. Vivica A. Fox ṣe Jasmine nínú ti àkọ́kọ́, obìnrin oníjó tó mú ọmọ ẹ̀ àti ajá ẹ̀ gba inú tọ́nẹ́ẹ̀lì sá là nígbà tí iná ń lé wọn bọ̀, tó tún wá ibi tó ti rí ọkọ̀ akẹ́rù, tó ń ṣa àwọn tó fara pa lọ́nà. A ti mọ obìnrin yìí láti ogún ọdún. Nínú ìkejì ó ti di ọ̀gá ní ọ́sípítù, ọmọ ẹ̀ tó gbé pọ̀n nígbà yẹn ti di awakọ̀ òfúrufú ológun, ọ̀dọ́mọkùnrin pàtàkì. Ilé wá ń wó, ọmọ ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ òfúrufú láti wá gbé ìyá ẹ̀, ó rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ilẹ̀ là nídìí obìnrin náà, ó já lọ. Ó tán. Ọmọ ọ̀hún ṣíjú wò, fíìmù ti gbéra lọ síbòmíì, kò pẹ́ ló ti padà sójú ìjà. Ìyá èèyàn o! Ìyá tó kó o jáde nínú iná! Kò sí ẹni tó ní kó jókòó, kò sí ẹni tó dì í mú, kò sí ẹni tó sọ pé pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á tù ẹ́ nínú. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì, mo fẹ́ mọ bóyá èmi ni mi ò fojú sí i nígbà àkọ́kọ́, mo rí i pé kò sí níbẹ̀ lóòótọ́ ni.

Ẹ wá fi wé ikú ìyàwó Ààrẹ ní 1996. Obìnrin náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú ilé abẹ́ ilẹ̀, dókítà ti sọ pé kò sí ọ̀nà, ọkọ ẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́, ó ń purọ́ fún un pé ara ẹ̀ máa yá, ìyàwó náà mọ̀ pé irọ́ ni, ó pè é ní òpùrọ́. Lẹ́yìn náà ọmọbìnrin wọn kékeré béèrè bóyá màmá ti sùn, bàbá ẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, màmá ti sùn. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kò sí ìbọn, kò sí ọkọ̀ òfúrufú kankan níbẹ̀, yàrá kan ṣoṣo pẹ̀lú ọkùnrin tí ojú ẹ̀ ti pọ́n. Ìyá alákàrà sunkún níbẹ̀, kò sì gbọ́ ju ìdajì òyìnbó tí wọ́n ń sọ lọ. Ìdí tí ọ̀rọ̀ tí Whitmore bá àwọn awakọ̀ òfúrufú sọ kí ilẹ̀ tó mọ́ fi wọ gbogbo ayé lára nìyẹn, a mọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ ọ́.

Ọmọ kékeré yẹn náà dàgbà nínú ìkejì, Maika Monroe ló ṣe é, òun náà pàdánù bàbá ẹ̀ níbẹ̀. Whitmore ti darúgbó, irùngbọ̀n ti bò ó, ọ̀pá ló fi ń rìn, àwọn élíẹ̀nì yẹn ò jẹ́ kó sùn, wọ́n ń wọ inú orí ẹ̀. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la, ó fá irùngbọ̀n ẹ̀, ó wọṣọ, ó gba iṣẹ́ tó yẹ kí ọ̀dọ́ gbà, ó gbé bọ́ǹbù wọnú ọkọ̀ ọbabìnrin wọn lọ, kò padà. Bill Pullman ṣe gudugudu méje yàyà mẹ́fà níbẹ̀, ká má purọ́, òun nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú omi jáde lójú mi. Àmọ́ kí omi náà tó jáde, ọbabìnrin yẹn ò tiẹ̀ kú, ìjà tún bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kún padà sínú.

Will Smith ńkọ́? Kò sí. Steven Hiller, ẹni tí Will Smith ṣe nínú ti àkọ́kọ́, tó fún élíẹ̀nì lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójú, tó wọ́ ọ nínú párásúùtì lórí ilẹ̀ iyọ̀ tó ń bú u lọ lójú ọ̀nà, wọ́n ní ó ti kú ní 2007 níbi tó ti ń dán ọkọ̀ òfúrufú tuntun wò. Wọ́n gbé àwòrán ẹ̀ kọ́ ògiri White House, ó tán síbẹ̀. Mo mọ̀ pé òṣèré lè ní òun ò ṣe mọ́, fíìmù Suicide Squad ló wà nínú ẹ̀ lọ́dún yẹn, n ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Àmọ́ tẹ́ni tó di òpó ilé mú bá lọ, ó yẹ káwọn tó kù nínú ilé hàn bí ẹni tí òpó wó mọ́ lórí. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀, Liam Hemsworth àti Jessie Usher, ojú wọn dáa, ara wọn le, wọ́n ń bá ara wọn ṣọ̀tá torí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́, ọ̀tá yẹn sì yanjú ká tó mọ ohun tó fà á dáadáa. Angelababy tó wá láti Ṣáínà náà wà ńbẹ̀, wọn ò fún un ní nǹkan gidi kan ṣe. Ẹni márùn-ún ni wọ́n kọ orúkọ wọn pé àwọn ló kọ ìwé eré yìí, ó sì hàn, torí ọwọ́ kan ń fà á lọ sókè, òmíì ń fà á lọ sísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ títóbi wá ńkọ́, torí òun ni wọ́n fi polówó ẹ̀. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó dúró lórí ìlú ní 1996, máìlì 15 ni ìbú ẹ̀. Tí wọ́n bá gbé ọ̀kan wá síbí, tí àárín ẹ̀ bá dúró lórí Dùgbẹ̀, etí ẹ̀ kan á kọjá Ọ̀jọ́ọ̀, èkejì á kọjá Toll Gate. Mo lè rò ó. Mo ti wọ mọ́tò gba gbogbo ibẹ̀ rí, mo mọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó tí gosiló bá wà ní Mọ́kọ́lá, mo lè rí i pé gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ti 2016 ńkọ́? Máìlì 3,000. Ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti Ìbàdàn dé Lọ́ńdọ̀nù. Orí òkun Àtìláńtíìkì ló bà lé, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan síbí, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan sọ́hùn-ún. Ojú wo lèèyàn fẹ́ fi wo ìyẹn? Nǹkan tí ojú ò lè ká, ọkàn náà ò lè bẹ̀rù ẹ̀. Wọ́n máa ń sọ nọ́ńbà náà lẹ́nu nínú fíìmù bí ẹni tó ń polówó ọjà, èmi kàn ń wo aláwọ̀ eérú kan tó kún ojú sinimá ni.

Ohun tó sì ṣe tó dáa jù nínú ìparun, mo gbà, ibi tí ọkọ̀ yẹn ti ń fa gbogbo nǹkan sókè ni. Mọ́tò ń léfòó, ọkọ̀ ojú omi ń léfòó, Burj Khalifa ti Dubai gbéra kúrò nílẹ̀, ó wá já lu Lọ́ńdọ̀nù láti òkè. Sinimá hó yèè. Èmi náà hó. Àmọ́ kò sí ẹyọ ẹnì kan tá a mọ̀ nínú ilé yẹn, kò sẹ́ni tá a mọ̀ nísàlẹ̀ ibi tó já sí àfi àwọn tó ń sáré kọjá lọ nínú ọkọ̀ òfúrufú, kò sì gba àkókò kankan, ó ṣẹlẹ̀, ó kọjá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ míì. Ní 1996 wọ́n kà á dé òdo kí wọ́n tó fọ́ ilé kan.

Mo fẹ́ tẹnu mọ́ ọ̀kan níbí tó máa ń wù mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí iná tó ń ya bọ̀ láàárín títì ní ti àkọ́kọ́, tó ń gbé mọ́tò bí ẹni gbé pépà, ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ṣe é? Wọ́n fọwọ́ mọ òpópónà ìlú kékeré kan pẹ̀lú ilé ọ̀tún àti ilé òsì, wọ́n wá gbé e dúró lóòró, kámẹ́rà wà lókè, wọ́n dáná sí i nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ti fi igi dáná rí mọ̀ pé òkè ni iná ń lọ. Iná yẹn wá gun òpópónà náà bọ̀ wá bá kámẹ́rà, tí wọ́n bá wá dá àwòrán náà dùbúlẹ̀ fún wa, iná ń sáré bọ̀ lójú títì. Iná gidi ni. White House náà, ilé kékeré tí wọ́n mọ ni, wọ́n to ìbúgbàù sínú ẹ̀, wọ́n yìn ín lójú kámẹ́rà. Wọ́n gba Oscar fún un, ó tọ́ sí wọn. Lórí kásẹ́ẹ̀tì tó ti gbó, pẹ̀lú ìlà funfun nísàlẹ̀, ooru ẹ̀ ń bà wá lójú. Ti ìkejì, inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ jù ẹ̀ ti jáde, ó mọ́, ó ń dán, eruku tiẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ kò wúwo. Ilé ń wó bíi kí bisikíìtì máa rún.

Ibi tó wá dùn mí jù lọ nìyí o, kó sì dun gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá wò ó. Nínú ìtàn ti ìkejì, wọ́n ní lẹ́yìn ogun 1996, ọkọ̀ kan nínú àwọn ọkọ̀ yẹn bà sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà, orílẹ̀-èdè tí àwọn fúnra wọn dá orúkọ fún, pé àwọn élíẹ̀nì inú ẹ̀ jáde, àwọn ará ibẹ̀ sì bá wọn jà lórí ilẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ọdún mẹ́wàá! Ọ̀gágun wọn, Dikembe Umbutu, Deobia Oparei ló ṣe é, ó ga, ó síngbọnlẹ̀, àdá méjì wà lẹ́yìn ẹ̀, ó mọ̀ pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ṣá wọn. Mo nà ró lórí àga. Mo ní, ẹ̀n-ẹ́n, fíìmù ti bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Ará Ìbàdàn ni mí. Bùdó ogun ni ìlú yìí kó tó di ìlú. Ogun Kírìjì táwọn baba ńlá wa bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, 1877 ló bẹ̀rẹ̀, 1893 ló parí, ọdún 16, débi tí wọ́n fi ìró ìbọn sọ ogun lórúkọ. Kì í ṣe ẹni tó ń pààyàn nìkan ló ń jagun tó bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń gbin iṣu ní bùdó, wọ́n ń fẹ́yàwó, wọ́n ń bímọ síbẹ̀, ọmọ ń dàgbà tí ò mọ nǹkan míì ju ìró yẹn. Nígbà tí fíìmù wá sọ pé ọmọ Áfíríkà fi àdá bá ará òfúrufú jà fún ọdún mẹ́wàá lábẹ́ òjìji ọkọ̀ tó tóbi tó ìlú, kí ni mo fẹ́ mọ̀? Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n jẹ. Mo fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ rí i pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ṣá wọn, àti iye ẹni tó ti kú kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ rí ìyá kan tó ń sọ fún ọmọ ẹ̀ pé kó má sunkún kí wọ́n má baà gbọ́. Gbólóhùn díẹ̀ ni wọ́n fi sọ gbogbo ẹ̀, wọ́n gbé ọ̀gágun náà sínú ọkọ̀ òfúrufú, wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, ó wá di ẹni tó ń dúró lẹ́yìn pẹ̀lú àdá. Fíìmù gidi wà nínú ilẹ̀ yẹn, wọ́n fò ó kọjá. Tí wọ́n bá ná ìdá kan nínú mẹ́wàá owó yẹn sórí ogun ọdún mẹ́wàá ọ̀hún, kí wọ́n má tiẹ̀ fi Burj Khalifa lu ẹnikẹ́ni, ìkejì á borí àkọ́kọ́. Ó dá mi lójú.

Kì í ṣe pé kò sí nǹkan tó dáa ńbẹ̀ o. Brent Spiner tó ṣe dókítà onírun gíràgìrà yẹn, tá a rò pé ó ti kú ní 1996, ó jí lẹ́yìn ogún ọdún tó ti sùn, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ látìgbà yẹn ń bomi sí òdòdó nínú yàrá ẹ̀, ń bá a hun nǹkan, ìfẹ́ àwọn méjèèjì wọ̀ mí lára ju ti àwọn ọ̀dọ́ lọ. Goldblum ṣì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ìparí ìjà náà sì dáa, ibi tí ọbabìnrin àwọn élíẹ̀nì ti jáde síta lójú oòrùn, lórí ilẹ̀ iyọ̀, tó ń lé bọ́ọ̀sì ọmọ ilé ìwé tí bàbá David ń wà. Níbẹ̀ ni mo ti bẹ̀rù. Kí ló fà á? Bọ́ọ̀sì ni mo fi wọ̀n ọ́n. Mo mọ bọ́ọ̀sì, mo mọ bó ṣe ń rí tí ọmọdé bá kún inú ẹ̀, ó dà bíi kí nǹkan tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ máa lé Micra bọ̀ láti Ìwó Road, kí awakọ̀ máa wo gíláàsì. Ẹ ò rí i pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe? Wọ́n gbé máìlì 3,000 tì, wọ́n fi nǹkan kan lé bọ́ọ̀sì kan, ọkàn mi sì ń lù kìkì.

Wọ́n tún wá fi ìparí rẹ́ni jẹ, ìyẹn ló bí mi nínú. Wọ́n pa ọbabìnrin tán, ẹ̀rọ funfun rogodo kan tó mọ ọgbọ́n ju èèyàn lọ ní kí àwa èèyàn wá ṣe olórí ogun lójú ọ̀run, Spiner bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ pé a máa lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà, iná tàn ní sinimá. Ìyẹn ni pé wọ́n gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi kí n lè wo ìpolówó apá kẹta. Apá kẹta ọ̀hún ò sì jáde. Ti àkọ́kọ́ pa iye tó ju mílíọ̀nù 817 dọ́là lọ káàkiri ayé, ìkejì ò tiẹ̀ dé 400 mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ dọ́là ogún ọdún sẹ́yìn lágbára ju èyí lọ dáadáa. Disney ra ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní 2019, láti ìgbà yẹn, a ò gbúròó.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi kì í fi òwe yìí bú ẹnikẹ́ni, aṣọ ìkejì pọ̀ lóòótọ́, ó dára lójú. Àmọ́ àkísà ni mo fẹ́. Fáyírọ́ọ̀sì tí wọ́n fi láptọ́ọ̀pù gbé sínú ọkọ̀ àwọn élíẹ̀nì ní 1996, gbogbo wa la mọ̀ pé kò lè ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tá a wò ó, kò sì dí wa lọ́wọ́, torí a ti fẹ́ràn àwọn méjì tó gbé e lọ.

Tẹ́ ẹ bá ní dátà tó tó ọ̀kan péré, ẹ wo ti 1996, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lé ní ogún ni, ẹ má ṣe fò níbi kankan. Ìkejì kúrú jù ú lọ, ẹ lè wò ó tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Whitmore, tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí Burj Khalifa lójú ọ̀run.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 12, ló wà lọ́dọ̀ mi. Ó ní ìkejì lòun fẹ́ kọ́kọ́ wò torí àwòrán ẹ̀ mọ́ jù. A wò ó tán, ó ń tẹ fóònù ní gbogbo ìgbà tí wọn ò bá ti jà, ó ní ó dáa. Mo wá fi ti àkọ́kọ́ sí i. Jẹnẹrétọ̀ ń dún níta, ilẹ̀ ti ṣú. Nígbà tí ipasẹ̀ inú òṣùpá yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ṣì ń tẹ fóònù. Nígbà tí ọkọ̀ dúró lórí ìlú tí kò ṣe nǹkan kan, ó gbé fóònù ọ̀hún sílẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Ó rọra sún mọ́ mi.

“Àǹtí, kí ni wọ́n ń dúró dè?”

Mo ní kó máa wò ó.